Bàrígà Tó Wà Nínú Igbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, tí mo bá ní kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí àríwá báyìí, níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, láì wo fóònù, ibo lẹ máa na ọwọ́ yẹn sí? Ẹ má parọ́ o. Ọwọ́ yín ti ń lọ sápá fèrèsé, torí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Nínú ìdánwò tá a fi jáde nílé ìwé girama, wọ́n gbé máàpù kan síwájú wa, wọ́n ní ká sọ apá ibi tí odò inú ẹ̀ ń ṣàn lọ. Mo kọ ọ́ pé ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Odò wo ló ń ṣàn lọ sókè? Ẹni tó máàkì ẹ̀ ò lẹ́fẹ̀ lára. F ni wọ́n fún mi nínú Jógíráfì, F tó dúró gbọnin bí òpó iná. Látìgbà náà ni mo ti wà nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, mò ń gé pépà, mò ń to kàlẹ́ńdà, mo sì ń sọ fẹ́ni tó bá bi mí pé yunifásítì ni mò ń dúró dè. Yunifásítì fúnra ẹ̀ ò gbọ́ sí i.

Ẹ wá wò ó, irú èmi yìí ni máàpù ogun já lé lọ́wọ́.

Bàbá àgbà, ìyẹn bàbá tó bí ìyá mi, ló ni máàpù náà. Sójà ni wọ́n nígbà ogun abẹ́lé, kí wọ́n tó bí ìyá mi rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń lérí fáwọn ọmọ àdúgbò pé bàbá àgbà mi fi ọwọ́ lásán fa ìbọn ńlá ya. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé pẹ́ńsù ni wọ́n gbé lọ sógun. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí wọ́n ṣáájú àwọn tó ń yìnbọn, kí wọ́n máa ya ilẹ̀ sórí pépà. Ó dùn mí gan-an. Mo ti fi ìbọn yẹn jà lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ladi-Lak ní Bàrígà: Bàbá àgbà nínú yàrá iwájú, ìyá mi nínú yàrá ẹ̀yìn, èmi lórí àga gígùn ní pálọ̀, tí ẹsẹ̀ mi máa ń yọ síta bí ẹja tí abọ́ ò gbà.

Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ọyẹ́ mú láàárọ̀, Bàbá àgbà ní kí n bá àwọn yọ súwẹ́tà nínú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo yọ súwẹ́tà, nǹkan kan bá a yọ. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, irú èyí téèyàn máa ń gbé lé àwòrán láti dà á kọ, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Mo ṣí i. Ọ̀nà wà nínú ẹ̀, odò wà nínú ẹ̀, òkè kan sì wà tí wọ́n fi ìlà wínníwínní yí po bí àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì. Mo wá ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Onípánù. Ṣómólú. Bàrígà. Ọ̀sà. Láàárín Bàrígà àti Ọ̀sà, wọ́n ya igi kékeré kan, wọ́n kọ Ìdí Mángòrò sí i, wọ́n sì kán yíǹkì pupa bíńtín sábẹ́ igi náà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Àpótí sójà, máàpù àdúgbò ẹni, àmì pupa. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wúrà ni! Mo yára fi fóònù yà á, mo dá pépà padà, mo gbé súwẹ́tà fún wọn, mo tún dọ̀bálẹ̀ lé e. Wọ́n wò mí tìfura-tìfura. Mi ò dọ̀bálẹ̀ kí wọn gbalaja báyẹn láti ọdún iléyá.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ ogun tèmi. Láti Onípánù ni mo ti mú un, mo gba Ṣómólú, mò ń wo fóònù, mò ń wo ilẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí gọ́tà. Òkè tó wà nínú máàpù, Ìgbóbì ni wọ́n kọ sí i lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìgbóbì, ẹ bá mi wò ó: òkè tó ga jù níbẹ̀ ni bọ́ǹpù tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìjọba ti gbẹ́ òkè náà kúrò. Ẹni tó gba F ló máa ń ronú báyẹn.

Bí mo ṣe dé etí ọ̀sà nìyẹn. Apẹja kan jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìdí mángòrò wà?"

"Mángòrò?" Ó wo omi, ó wò mí. "Nínú ọ̀sà?"

"Rárá sà, nítòsí ẹ̀."

"Ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Kí lo jẹ?"

"Gàárì."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n nàka sẹ́yìn. "Mángòrò kan ṣoṣo tí mo gbúròó níbí, iwájú ilé Alhaja tó ní géètì aláwọ̀ ewé lọ́hùn-ún ló wà. Wọ́n sì ti gé e tipẹ́. Tó bá jẹ́ mángòrò lo fẹ́ jẹ, ọjà ò jìnnà."

Mo débẹ̀. Ìyá arúgbó tín-ín-rín kan ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mò ń wá ìdí mángòrò.

"Òun lo gbé ẹsẹ̀ lé yẹn," ni Alhaja wí.

Mo wo ìsàlẹ̀. Kùkùté igi kan ni, tí ìjókòó àwọn èèyàn ti mú kó máa dán. Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà." Mo na fóònù sí wọn, torí mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n ń ka orúkọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé Ìdí Mángòrò, wọ́n dúró.

"Ta ló ya èyí?"

"Bàbá àgbà mi, mà. Sójà ni wọ́n nígbà kan."

"Sójà." Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ṣé àpá iná wà lápá òsì wọn?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà láyé, mà. Ladi-Lak là ń gbé."

"Ladi-Lak wo? Ladi-Lak tibí yìí?"

Láti ilé Alhaja sí ilé wa, kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gúgúrú, gúgúrú ò ní tíì tán tó fi máa dé. Alhaja mi orí. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé àbúrò ọ̀rẹ́ wọn ń béèrè. Wọ́n á mọ ohun tí mò ń béèrè."

Mo gbé iṣẹ́ yẹn délé, síbẹ̀ wúrà ló ṣì wà lọ́kàn mi. Mo ti ń rò ó pé Alhaja máa fẹ́ gba ìpín tiwọn.

Nígbà tí mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, Bàbá àgbà ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n pa rédíò, wọ́n dojú kọ mí.

"Ṣé o rí òkè ní Ìgbóbì?"

"Mi ò rí i, sà."

"Ṣé o rí odò tó ṣẹ́ kọ́ná lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ọ̀sà ni mo rí, sà."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n rán ṣíwájú wa nígbà yẹn, inú igbó la ò bá ṣì wà dòní."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, ẹnu ara mi ni mo fi ń tún un sọ yìí. Máàpù tí wọ́n kó fún àwọn sójà nígbà náà ti gbó ju ogun lọ. Ibi tó bá ní ọ̀nà wà, igbó ni. Ibi tó bá ní igbó wà, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n wá ń rán Bàbá àgbà àti ọ̀rẹ́ wọn kan ṣíwájú, pẹ̀lú kọ́ńpáàsì, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, kí wọ́n máa tún un yà. Ọmọ Bàrígà làwọn méjèèjì. Ọ̀rẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n Alhaja.

Òfin kan wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe ibì kankan lórúkọ tó ń jẹ́ gan-an lórí rédíò, torí àwọn tí wọ́n ń bá jà ń tẹ́tí sí wọn. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa fún ibi tó bá wà lórúkọ tiẹ̀. Ọ̀gá wọn gbé ìsọmọlórúkọ yìí fún àwọn méjì tó ń ya máàpù. Àárò ilé sì ń sọ wọ́n. Wọ́n bá sọ igbó di ilé. Ìlú tí ọkọ̀ já wọn sí di Onípánù. Oríta di Ṣómólú. Ibùdó wọn di Bàrígà, odò tó wà níwájú di Ọ̀sà. Òkè yẹn ló fún wọn ní wàhálà, torí pé àdúgbò wa ò ní òkè. Wọ́n jà lórí ẹ̀ títí, kí wọ́n tó fi Ìgbóbì kàn án lórí tipátipá.

Ẹ̀gbọ́n Alhaja ló ní kí wọ́n má kàn da orúkọ sílẹ̀ wúruwùru. Kí wọ́n tò ó bó ṣe tò nílé, kẹ́ni tó bá ń lọ lè mọ̀ pé òun ò tíì lè dé Bàrígà bí òun ò bá tíì kọjá ní Ṣómólú. Bàbá àgbà ní sójà kan láti òkè Ọya, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ Èkó rí, mọ ọ̀nà Bàrígà lórí ju kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ lọ.

"Àríwá wá ńkọ́, sà?" Ọ̀sà tiwa wà lápá ìlà oòrùn, ti inú pépà wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Fóònù ló sọ fún mi, ẹ má wulẹ̀ yìn mí.

"A ò wo àríwá nígbà tá à ń sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò."

Ìbọn kọ́ ló pa ọ̀rẹ́ yìí. Ibà ni. Wọ́n sin ín sáàárín ibùdó àti odò, lábẹ́ igi kan tí kì í tiẹ̀ ṣe mángòrò. Bàbá àgbà pe ibẹ̀ ní Ìdí Mángòrò, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ọ̀rẹ́ yẹn ṣe wà, láàárín Bàrígà àti ọ̀sà, tòun ti mángòrò níwájú ẹ̀. Wọn kì í fi sàréè sórí máàpù ogun, igi ni wọ́n yà. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọ̀gá gba máàpù gidi, wọ́n sun ìwé tí wọ́n kọ orúkọ òtítọ́ àti orúkọ àdàpè sí. Èyí tí Bàbá àgbà dà kọ ló ṣẹ́ kù, òun àti súwẹ́tà. Wọ́n sì ti mú wọn búra: ohun tó wà nínú máàpù, ẹnu ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ìyá ọ̀rẹ́ wọn ò búra ní tiẹ̀. Nígbàkigbà tí Bàbá àgbà bá gba ìsinmi wálé, ìyá náà á dúró sídìí mángòrò, á ní, "Ọmọ mi, níbo gan-an lẹ sin ín sí?" Bàbá àgbà á ní, "Ìyá, Ọlọ́run ló mọ̀." Ọlọ́run mọ̀, àwọn náà mọ̀. Nígbà tó yá, wọn ò gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́.

Mo ní láti sọ nǹkan kan níbí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí Bàbá àgbà bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n máa ń gba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n á yí po, wọ́n á tún yí po, wọ́n á débẹ̀ tòógùn-tòógùn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé sójà tó ya gbogbo igbó, kò mọ àbùjá tó wà nídìí ilé ẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tèmi.

"Sọ fún Alhaja kó wá," ni wọ́n wí.

Alhaja wá ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n wo Bàbá àgbà láti òkè délẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi. Ẹ ti darúgbó o."

"Ìwọ náà ò kéré, àbúrò."

"Ojú yín ló ń ṣe yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín sì tán kíákíá. Alhaja jókòó.

"Mi ò fẹ́ hú u jáde, bùrọ̀dá. Mi ò fẹ́ gbé e wálé. Mo kàn fẹ́ dúró tì í, kí n ṣe àdúà fún un, kẹ́sẹ̀ mi tó kọ̀ láti gbé mi. Ọmọ mi ní ọkọ̀, ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á gbé mi lọ. Ibi tá à ń lọ ló kù."

Bàbá àgbà na pépà sí wọn. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Bàrígà ló wà níbẹ̀," ni Alhaja dáhùn. "Bàrígà ni mo sì ti wá."

Ibẹ̀ lèmi ti já wọ̀ ọ́. Bàbá àgbà ti sọ fún mi pé ọ̀nà rélùwéè gba inú Onípánù tọ̀hún kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ti wá a nínú fóònù lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó yẹ kí n máa gé pépà. Mo ní, "Mo ti rí i, mà!" Bàbá àgbà ní kí n fi hàn wọ́n. Mo fi hàn wọ́n. Mo tún rí òmíì. Mo tún rí òmíì. Ó ṣe jẹ́ pé gbogbo odò ilẹ̀ yìí ló fẹ́ràn láti ṣẹ́ kọ́ná lẹ́ẹ̀mejì?

"Ẹ pe orúkọ ìlú yẹn fún wa," Alhaja bẹ̀ wọ́n.

"Mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Onípánù là ń pè é, Onípánù ló kù lórí mi. Tí mo bá fojú rí i, màá mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá wa lọ nígbà náà."

"Rárá. Mo ti sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́."

Rárá yẹn dún bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo wo ilẹ̀. Alhaja ò jà. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ìborùn wọn lórí orúnkún.

"Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ yín títí wọ́n fi kú."

"Mo mọ̀."

"Wọn ò bínú sí yín o. Wọ́n ní sójà ni yín, ẹ ti búra. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ gé mángòrò yẹn kó fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ní kò sẹ́ni tó máa gé e. Wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin méjì ló máa ń jókòó sídìí ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bọ̀ wá jókòó. Ìgbà tí wọ́n kú tán la tó gé e."

Bàbá àgbà mú pépà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọ́n yí i, wọ́n tún yí i, bí ẹni tó ń wá ibi tí orí ẹ̀ wà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ká a ni.

"Ọkọ̀ ọmọ ẹ yẹn," ni wọ́n wí, "ṣéèyàn lè na ẹsẹ̀ níwájú ẹ̀? Orúnkún mi ò ṣeé ká fún ìrìn tó jìn."

"Ẹ máa nà án dáadáa, bùrọ̀dá mi."

"Ọmọ yìí náà máa tẹ̀ lé wa. Ojú mi ò ka nǹkan wínníwínní mọ́. Kò mọ nǹkan kan, àmọ́ ó lójú."

Ìyìn tó dáa jù tí mo tíì gbà látìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mò ń rìnrìn àjò, ó ní kí n máa lọ, pé iṣẹ́ ò ní mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀.

Lánàá, Jímọ̀, Bàbá àgbà gba àbùjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n yà nílé Alhaja, wọ́n jókòó sórí ìdí igi gígé yẹn, wọ́n kọjú sí ọ̀sà. Wọ́n wo ibẹ̀ pẹ́.

"Omi ti jìnnà," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. Wọ́n ti da iyanrìn sí etí ọ̀sà, wọ́n ti kọ́lé lé e. Mo ní, "Sà, tí odò tọ̀hún náà bá ti kúrò níbi tẹ́ ẹ yà á sí ńkọ́? Tí igi yẹn ò bá sí mọ́?"

"Ìyẹn là ń lọ wò."

Sátidé nìyí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí yíǹkì ẹ̀ dàlù ni mò ń kọ èyí sí, lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, torí wọ́n ní kí n jókòó síbì kan kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ Alhaja ń to ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. Alhaja gbé kẹ́tùlù àlùwàlá àti ẹní ìkírun dání, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbà wọ súwẹ́tà. Ọyẹ́ tó gbé e jáde ti lọ, àmọ́ pépà náà wà nínú ẹ̀. Kọ́ńpáàsì wọn wà lọ́rùn mi. Láti ìgbà tá a ti kírun àárọ̀ ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Àríwá dà?" Mo nàka, wọ́n ní rárá. Mo nàka síbòmíì, wọ́n ní rárá. Ẹ̀ẹ̀kan, ìyá mi ni mo nàka sí. Wọ́n wá bi mí pé kí ló tún wà lọ́rùn mi. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìtẹ̀wé ni, mo fi okùn kan náà so wọ́n pọ̀, irin sì ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n rọra pa ojú dé. Wọ́n ní irú èmi ló máa ń mú kí ogun pẹ́.

Tá a bá dé Onípánù tọ̀hún, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n, Alhaja á dúró ti ẹ̀gbọ́n wọn. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ohun tá a máa

"Ìwọ Òfísà! Ṣé wọ́n máa fi lẹ́tà pè ẹ́ ni? Alhaja ti jókòó!"

"Mò ń bọ̀, sà!"

"Tú kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́rùn kó o tó wọ ọkọ̀!"

Mò ń tú u.